Àìsàn Tí A Kò Lè Pín Ní Ìdí-Igi

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́ sínú ilé wa ní Ìta Fájì. Nígbà tó kú, ìdí-igi ni a fi pín ogún rẹ̀: àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, bí wọ́n pọ̀, bí wọn ò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò jà.

Lẹ́yìn èyí ni jẹjẹrẹ ọmú mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi. Àyẹ̀wò fi hàn pé àléébù jíìnì kan ni wọ́n bí mọ́ ọn. Aṣọ ni mo ń tà, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti lọ báyìí, fídíò àwọn dókítà ni mo ń wò lórí fóònù. Mo kọ́ pé ara jíìnì ni ọmọ ti ń jogún imú àti ojú òbí rẹ̀, tó sì tún lè jogún ewu. Níní àléébù náà kì í ṣe níní jẹjẹrẹ o. Ewu rẹ̀ ló ga, ó sì yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Mo gbádùn ẹ̀kọ́ yìí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ni mo bá kó àwọn obìnrin ilé jọ lẹ́yìn àsàlátù. Mo ti ya ẹbí wa sórí páálí: obìnrin roboto, ọkùnrin onígun mẹ́rin, ẹni tó ṣàìsàn ni mo kùn ní dúdú. Páálí mẹ́ta ni, ọ̀kan fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí àwọn ọmọ ìyá wa lọ ṣe àyẹ̀wò.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyàwó kejì, béèrè pé, “Bọ̀dá mi, àwa ńkọ́?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìdí tiwa ló wà. Tiyín mọ́ tónítóní.”

“Ẹ̀yin ọmọ ìyálé! Ẹ gba yàrá tó kọjú sí títì, ẹ tún fẹ́ dá gba èyí náà.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní dókítà.

Màmá mi náà gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun. Nígbà tí èsì dé, nọ́ọ̀sì ní àléébù náà kò sí lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùhámúdù.

Nọ́ọ̀sì wò mí. “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú nígbà náà pé ọ̀dọ̀ bàbá yín ló ti wá. Ṣé ó bí ọmọ mìíràn?”

Mo rántí àbúrò bàbá wa obìnrin, tó kú sí yàrá òkè pẹ̀lú egbò láyà. Mo mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò yà á sí páálí kankan, nítorí kò sí lábẹ́ ìyàwó kankan. Gbogbo ọmọ tí bàbá wa bí, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ ìyá yòówù kó jẹ́, ló lè ti jogún rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi, ọmọ ìyàwó kejì, ni mo gbà lọ, níbi tó ti ń ta abọ́ ike ní Adéníji Adélé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Kókó kan ti wà lọ́mú mi òsì láti ìgbà Ààwẹ̀.”

“O ò sì sọ?”

“Kí n sọ kí ni? Ọkọ mi ní ká lọ sí ọsibítù. Mo ní bọ̀dá mi ti ní tiwa mọ́.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ara mi ni mo fẹ́ fi gbà là. Mo bá a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọsibítù, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì. Nígbà tí a jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Ẹ pe àwọn ọmọ ìyá kékeré nísinsìnyí, níṣojú mi. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́.”

Mo pe àgbà nínú àwọn ọmọ ìyàwó kẹta. “Dókítà wa!” ló fi dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, kó jókòó, pé àṣìṣe ni ohun tí mo sọ fún wọn.

Àbúrò mi na ọwọ́, ó tẹ fóònù náà kí ohùn lè jáde síta, ó sì fẹ̀gbẹ́ tì mí kó lè gbọ́.