Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kò Lè Tẹ̀

Mo ti parí yunifásítì, mo sì tún wà níbẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi mí nìyẹn, n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ aṣọ agùnbánirọ̀, wọ́n ń fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Èmi wà ní Ìsẹ́yìn, nílé bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, nítorí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Bí n kò bá yege nínú rẹ̀, orúkọ mi kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pe èèyàn sí ìsìnlú, ọdún mìíràn á sì tún lọ.

Ẹ̀kọ́ náà kọ́ ló le jù nínú gbogbo ohun tí a kọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Wọ́n fi ń kọ́ àwa tó ń kọ́ nípa òwò bí ilé iṣẹ́ ṣe ń kó ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà, kí ọ̀gá lè mọ ohun tó yẹ kó ṣe. "Dátà ni òwú," olùkọ́ wa máa ń sọ, "ìròyìn ni aṣọ. Ẹni tó kó òwú jọ kò tíì ní aṣọ." Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò dé, òwú nìkan ni mo ní lọ́wọ́.

Ní ti àwa tí a tún un ṣe, olùkọ́ ní kí kálukú wa lọ ṣe ètò kan fún ilé iṣẹ́ tó wà lóòótọ́, òun á wá wò ó níbẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí yóò máa lo ètò náà gan-an ni yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lójú òun. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní àwọn tó ṣáájú wa ti gbé ohun tó dára wá rí, àmọ́ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò fojú kàn án rí.

Ilé iṣẹ́ tí mo mú ni ti bàbá kékeré. Òun, àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ń jókòó ní yàrá iwájú, òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ìṣòro kan wà tó máa ń padà wá bá wọn. Oníbàárà á ti ìlú mìíràn dé, á ní kí wọ́n bá òun fi kún aṣọ tí òun gbà lọ́dún tó kọjá. Ọwọ́ ahunṣọ kò sì dọ́gba. Ẹnìkan á fún òwú pọ̀ kó le, ẹlòmíràn á dẹ̀ ẹ́, bí ọwọ́ méjì bá hun aṣọ kan, ojú á mọ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ ló gbọ́dọ̀ fi kún un. Ta wá ni ẹni náà? Ohun tí mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa dáhùn nìyẹn.

Mo kó orúkọ àwọn ahunṣọ sínú rẹ̀, mo kọ́ Ìyá Ìbejì bí a ṣe ń lò ó, ọkàn mi sì balẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn ṣọ̀wọ́n lára mi débi pé ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ṣí i wò, àwọn ahunṣọ ti pọ̀ sí i. Mo rí Adúmáadán níbẹ̀. Mo rí Eyínfúnjowó àti Òpéléńgé. Mo kọ́kọ́ rò pé bàbá kékeré ti gba ọmọṣẹ́ tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Òpéléńgé?" ni mo bi Ìyá Ìbejì.

"Ọkọ mi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga ni."

"Ó ti ní orúkọ nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀."

"Orúkọ tí ẹ̀yin sọ ọ́ nìyẹn. Èmi náà ti sọ ọ́ ní tèmi."

Ìgbà náà ló yé mi. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ lẹni náà nígbà tó dé. Orúkọ tó bá wù ú ni yóò fi máa pè é. Èmi fúnra mi ti ń rá kiri nínú ilé náà kó tó wọlé, nítorí náà, ọkọ ni mo jẹ́ sí i, Akọ̀wé ló sì ń pè mí. Mò ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí ó dàgbà jù mí lọ, òun náà ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí mo ṣáájú rẹ̀ nílé.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàwó, kò mọ ọkọ. Lójú tirẹ̀, èèyàn méjì ni ẹnì kan náà. Bí a bá wá iṣẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, kò rí nǹkan kan mú jáde. Mo wá ti àtẹ orúkọ náà pa. Kò sẹ́ni tó lè kọ tuntun sí i mọ́. Àfi kí èèyàn mú nínú àwọn tí mo ti kọ síbẹ̀.

"Ẹ ò ní pe ẹnikẹ́ni," mo sọ fún un. "Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, bí mo bá fi ìka tọ́ka sí orúkọ ọkọ mi, kí ni mo tún ń pa ẹnu mọ́ fún?"

Láti ọjọ́ náà, bó bá kọ iṣẹ́ oníbàárà dé ibi orúkọ ahunṣọ, á ké sí mi, n ó sì wá tẹ̀ ẹ́. Mò ń sọ fún ara mi pé yóò mọ́ ọn lára. N kò gbà á gbọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mi ni pé n kò lè ṣí àtẹ náà, kí gbogbo ètò má baà dàrú, n kò sì lè fi agbára mú obìnrin tó pọ̀n mí rí láti ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ ṣe. Mo há sáàárín, bí ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ lọ́ mọ́ èèkàn, tó sì jẹ́ pé òun ló ń yí i ká fúnra rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni olùkọ́ wa sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, eruku pọ́n lára rẹ̀. Bàbá kékeré fún un ní omi. Àwọn ahunṣọ fi òfì sílẹ̀, wọ́n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ jókòó, ó ní kí Ìyá Ìbejì fi òun ṣe oníbàárà, aṣọ fìlà ni òun fẹ́. Ìyá Ìbejì kọ ọ́ dáadáa. Ó kọ àwọ̀, ó kọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbà á. Ó dé ibi orúkọ ahunṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn ahunṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyàwó, ẹ pè mí kí n gbọ́."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò."

"Ẹ wò ó, ẹ fi ojú pè é, a ò ní sọ fún ìyá yín," ẹlòmíràn sọ, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé kọ̀ǹpútà ti dúró ni?" olùkọ́ bi mí.

Ó rọrùn láti ní ó ti dúró. Bí mo bá kàn ní iná bátìrì ló ń tán lọ, òun náà á gbà. Mo ronú lé e pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó jẹ́ kí n sọ òótọ́ kì í ṣe ìgboyà. Ojú Ìyá Ìbejì ni mo rí. Ó ń wò mí bí ẹni tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́, tí kò sì fẹ́ kí n gba ẹ̀bi fún un. Mo ṣàlàyé àṣà náà fún olùkọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o ti mọ èyí kí o tó tì í pa?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ta ni o wá ṣe é fún?"

Àsìkò ìrun Àsárì ti tó, olùkọ́ dìde. "Mo fẹ́ bá wọn kírun. Kí n tó padà dé, wá nǹkan ṣe sí i."

Gbogbo wọn lọ sí mọ́sálásí, ilé pa lọ́lọ́. Èmi àti Ìyá Ìbejì gbé kọ̀ǹpútà bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, sáàárín àwọn òfì tó ṣófo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi ìjókòó kálukú hàn mí. "Adúmáadán nìyí," ó ń sọ, ó sì ń fi ẹnu júwe. "Eyínfúnjowó nìyẹn, tó fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀." Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, mo fi orúkọ tí ìdílé sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi ti Ìyá Ìbejì sí èkejì. Àtẹ tí òun yóò máa rí, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tó kan ìdí òfì bàbá kékeré, ó rẹ́rìn-ín mọ́ ìjókòó náà. Mo ní kí ló ń pè é. Ó ní, "Ẹ kọ Olówó-orí-mi." Mo kọ ọ́.

Wọ́n padà dé. Ìyá Ìbejì jókòó, ó mú Eyínfúnjowó fún aṣọ fìlà olùkọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ̀gbẹ́ni náà wá a, iṣẹ́ fìlà yẹn sì jáde. Inú mi fẹ́ dùn. Àmọ́ olùkọ́ gbé ojú sókè.

"Tí ìyàwó mìíràn bá wọ ilé yìí ńkọ́? Orúkọ ta ni òun máa lò?"

Gbogbo ojú yí sí èyí tó kéré jù, nítorí ìgbéyàwó rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni mo là sílẹ̀ fún orúkọ, n kò ro ti ìyàwó ẹlẹ́ẹ̀kejì, ká má tíì sọ ti ẹ̀kẹta. Mo ní n kò mọ̀, sà. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó kí bàbá kékeré, ó gun ọ̀kadà lọ.

Nígbà tí èsì jáde, máàkì tó kéré jù tí èèyàn fi lè yege ni mo gbà. Mo kà á lórí fóònù mi nínú yàrá iwájú, mo tún un kà. Mo ti rò pé n ó sunkún ayọ̀. Ohun tó wá ni àárẹ̀ kan, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà. Wọ́n ti pe àwọn tó ń lọ sìn ní ìgbà yìí tán. Èmi á dúró de ìpè mìíràn.

"Ṣé ẹ yege?" Ìyá Ìbejì bi mí.

"Mo yege."

"Àlùhamdulílààhì. Ẹ lè lọ nìyẹn?"

"Mo lè lọ. Wọn ò tíì pè mí ni."

Ó rọra sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ wá jókòó nígbà náà. Ìyàwó tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà."