Ìbò Tí Àwa Òǹtẹ̀wé Tẹ̀ Fún Ara Wa

Ọdún tí owó epo bẹ́ńtírò fò sókè lójijì, tí gbogbo wa tí a ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní Ìkọ̀tún ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ọdún náà ni mo rí olè tí wọ́n jà lójú gbogbo ẹni tó mọ̀ pé olè ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òǹtẹ̀wé máa ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ náà, èmi a sì máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí inú máa ń bí mi ni. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi kì í ṣe ọmọ àná nínú ìjàkadì. Nígbà èwe mi, ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan, a daṣẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá sì yin tajútajú lù wá. Mo sá, mo sunkún, mo padà lọ dúró síbi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ò bà mí lọ́kàn jẹ́ tó báyìí. Ọlọ́pàá ò mọ̀ mí rí. Àwọn ará Ìkọ̀tún mọ̀ mí, wọ́n sì ti jẹun nílé mi.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ wa ní ọ̀gbà kékeré kan lẹ́yìn ọjà, tí a fi páánù bò. Ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì lágbára àtigba ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Alhaja Múínátù, opó tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló pẹ́ jù nínú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rán ìwé pọ̀, ìbáà ṣe Kùránì tó ti ya, ìwé orin ìjọ, tàbí rẹ́jísítà iléèwé. Òwú àti abẹ́rẹ́ ló fi tọ́ ọmọ. Alága wa wá ní òun fẹ́ gbé ọ̀gbà náà fún ẹnì kan tí yóò kọ́ pláásà síbẹ̀. Alhaja bi í níbi ìpàdé:

“Alága, ibo lẹ fẹ́ ká kó abẹ́rẹ́ wa lọ?”

“Alhaja, ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè là ń sọ, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.”

“Abẹ́rẹ́ ọ̀hún ló ń bọ́ mi, ṣá.”

Ibẹ̀ ni mo ti dìde pé ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, Alhaja ni yóò sì bá a du ipò. Alhaja fà mí láṣọ pé kí n jókòó. Mi ò jókòó.

Àwa òǹtẹ̀wé kì í gbé ìwé ìbò wa fún ẹlòmíràn tẹ̀. Ìtìjú ni. Àṣà wa ni pé gbogbo wa á péjọ sídìí ẹ̀rọ, tí iṣẹ́ bá sì parí, àgbà ẹgbẹ́ á mú ìṣó, á fi ya pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi tẹ̀ ẹ́, pẹrẹpẹrẹ lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má baà padà wá tẹ òmíràn. Àgbà náà ni Bàbá Dòpèmú, tó ń tẹ̀wé ní Dòpèmú kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ohun tí íǹkì ń jẹ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wa ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ tèmi ni títo ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà èmi àti Kọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, la jọ ṣe ìwé ìbò náà lórí kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Pléètì ni yóò tẹ orúkọ àti àwòrán. Nọ́ńbà, tí kò gbọdọ̀ jọra lórí ìwé méjì, ni a ó wá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e lórí. Láyé àtijọ́, ọwọ́ la fi ń lu nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, apá á sì máa ro ènìyàn títí di ọjọ́ kejì. Mo ní kò níí rí bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A ó kọ àwọn nọ́ńbà sínú tábìlì kan, ìyẹn àtẹ inú kọ̀ǹpútà, a ó so tábìlì náà mọ́ ojú ìwé, kọ̀ǹpútà á sì máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà fi wá ṣẹ̀sín lọ́jọ́ náà. Ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jáde, ojú Alága ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè àwòrán Alhaja ṣófo. Alhaja, tó jókòó tì wá, wo ìwé náà títí.

“Ìyá Dámi, ṣé wọ́n ti yọ mí ni?”

“Wọn ò yọ yín, Alhaja. Àwòrán yín wà lórí fúláàṣì Kọ́lá, Kọ́lá sì ti fà á yọ. Kọ̀ǹpútà ń wá ẹni tí kò sí nílé.”

Mo ní kí Kọ́lá ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ padà, mo kó àwòrán náà sínú fóldà kan náà pẹ̀lú ìwé ìbò, mo tún un so, ojú Alhaja sì yọ. Kò pẹ́ ni nọ́ńbà náà tún dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó kéré ń jáde, ṣùgbọ́n láti ọgọ́rùn-ún sókè, àyè wọn ṣófo. Kọ́lá ń pa kọ̀ǹpútà, ó ń tàn án, ó ní àfi bí wọ́n bá ń ṣe é láti ilé. Mo ní kó fi ilé sílẹ̀. Àpótí tí a yà fún nọ́ńbà ló kéré jù. Nọ́ńbà tó gùn ò lè wọ inú rẹ̀, dípò kí kọ̀ǹpútà sì sọ fún wa, ńṣe ló gbé e pa mọ́. Mo fẹ àpótí náà, nọ́ńbà jáde. Mo tún wá rí i pé ó ń ka nọ́ńbà lọ sápá ọ̀tún lórí abala ńlá kan náà tí ìwé ìbò mélòó kan wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ó gé abala yẹn sí wẹ́wẹ́, a ó sì kó òkìtì lé òkìtì. Bí a bá gé e bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú, ọwọ́ la ó sì fi tò ó. Mo tún tábìlì náà tò kí nọ́ńbà lè máa lọ láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀. Ìgbà tí mo rí i tó tò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́, mo dìde jó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bá wa parí ẹ̀,” ni Kọ́lá wí. “Bọ́tìnì kan péré ló kù tá a máa tẹ̀ báyìí.”

A tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. A gé e, a dì í, a kó o fún Bàbá Dòpèmú, Bàbá sì mú ìṣó ya pléètì. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú kan kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì. Òǹtẹ̀wé ni wá. Lójú tiwa, tí pléètì bá ti kú, iṣẹ́ náà ti kú nìyẹn.

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá la ti dìbò. Èmi ni aṣojú Alhaja nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń kà á. Bàbá Dòpèmú ń mú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ké orúkọ. Orúkọ Alhaja ló ń jáde ṣáá. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, orúkọ Alága bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ọwọ́ mi sì yọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìwé tí pléètì bá tẹ̀, íǹkì rẹ̀ ti wọ inú ìwé lọ, àtàǹpàkò á kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Èyí tí kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ látòkè délẹ̀, íǹkì rẹ̀ á jókòó sójú ìwé, á máa dán, ọwọ́ á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Mo wá nínú èyí tí wọ́n ti kà, mo rí méjì tó ní nọ́ńbà kan náà. Mo nà án sí Bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ fọwọ́ kan méjèèjì yìí.”

Àtàǹpàkò Bàbá lọ lórí ti àkọ́kọ́. Ó lọ lórí ìkejì. Ó tún padà sórí ìkejì.

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe, Ìyá Dámi?”

“Ẹ sọ ohun tí ẹ fọwọ́ kàn.”

“Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.”

“Ọwọ́ ni mo ní kí ẹ fi wò ó, Bàbá.”

Alága ò dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ sì tutù. “Ìyá Dámi, ẹ máa rọra. Pósítà ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, ọwọ́ mi ni wọ́n sì máa gbé e sí. Gbogbo wa la jọ máa ṣe é.”

Ẹnu tó jẹ dòdò kì í sọ òdodo, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wọ̀nyí ò tíì jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ lásán ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo mú ìwé méjèèjì, mo ń gbé e láti orí àga kan dé òmíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fọwọ́ kàn án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀, mo rí i lójú wọn. Ẹnì kan dá a padà fún mi, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. Obìnrin kan tí èmi àti ẹ̀ jọ ṣe ọmọṣẹ́ nígbà kan rọra ní, “Mo ní ọmọ ní yunifásítì, jàre, fi mí sílẹ̀.” Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo ní kí ẹnì kan ṣoṣo, ẹnì kan péré, sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo yíjú sí Kọ́lá.

“Kọ́lá, bọ́tìnì kan péré, àbí?”

Fóònù rẹ̀ ló ń wò. Bàbá Dòpèmú sì kéde pé Alága ló wọlé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ní ìpínlẹ̀ lọ, mo lọ, mo bọ̀, bàtà mi jẹ tán. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ gbọ́ mi. Wọ́n ní kò burú, kí n mú pléètì wá kí wọ́n fi àwọn ìwé náà wé e. Pléètì tí àwa fúnra wa pàtẹ́wọ́ fún nígbà tí wọ́n ń fi ìṣó ya á. Mo jókòó sójú ọ̀nà níwájú ọ́fíìsì wọn, mi ò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Katapílà dé sí ọ̀gbà wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Alhaja kó òwú rẹ̀ sínú báàgì kí páánù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Èmi ni mò ń sunkún, òun ló ń pàrọwà fún mi.

“Ó tó, Ìyá Dámi. O gbìyànjú.”

Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó háyà ní Òkè-Odò, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń gba orí ìwé rẹ̀ kọjá lọ pọn omi.

Bí ẹ bá bi mí pé kí la rí jẹ nínú gbogbo rẹ̀, mo lè tọ́ka sí nǹkan kan. Wọn ò gbé pósítà náà fún wa. Ibòmíràn ni wọ́n gbé e lọ tẹ̀, àwọn tó torí rẹ̀ dákẹ́ sì padà wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ohun tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo bá wọn jà, lẹ́yìn náà mo kó wọn jọ. A ní a ò fẹ́ ìwé ìbò mọ́. Ẹni tí ènìyàn bá fẹ́, kó lọ tò sẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀sán, ká ka orí. Ó ya àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá fún wa lẹ́nu, wọ́n ní àwa tí à ń tẹ ìwé ìbò fún gbogbo Alímọ̀ṣọ́, kí ló dé tí a ò lè fi ìwé dìbò. Nígbà tí ìbò tún dé, ní pápá kan ní Ìgándò, a tò, a ka orí, Alága náà sì já kulẹ̀.

Alhaja wá lọ́jọ́ náà. Ó wọ ìborùn funfun, ó sì tètè dé ju ọ̀pọ̀ lọ. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bi í pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà.

“Wọ́n ti wó o.”

“Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tí ò ní ṣọ́ọ̀bù ò lè tò. Òfin ẹgbẹ́ ni.”

Ọdún tí katapílà dé ni Alága ti fi òfin náà lélẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí yọ ọ́. Mo pariwo. Àwọn tiwa gan-an ló dá mi dúró, wọ́n ní kí n má ba ọjọ́ náà jẹ́, pé tí a bá wọlé tán, a ó tún un ṣe. Alhaja ní kí n lọ tò. Ó dúró sábẹ́ igi títí a fi kà á tán, tí ariwo ayọ̀ sọ. Mo sáré lọ bá a.

“Ta ló wọlé?”

“Tiwa ni, Alhaja.”

“Alhamdulilahi.” Ó gbé báàgì rẹ̀ sí apá kejì. “Ibo ni wọ́n ní kí n wá jókòó sí báyìí?”

Òfin náà ṣì wà nílẹ̀ títí di òní. Ní gbogbo ìpàdé ni mò ń béèrè rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Mi ò tíì lọ sí Òkè-Odò láti ìgbà náà, nítorí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un.