Ọkọ̀ Tó Jókòó Sórí Ẹrẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Nígbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa létí omi Ìlàjẹ, kò sẹ́ni tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi. Láti Etikan dé Araromi, wọ́n mọ̀ mí. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ mí, ẹ bi í pé ta ló gbá bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá lójú àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Èmi ni.

Iyanrìn ni pápá wa. Ilé iṣẹ́ epo ló gbẹ́ ọ̀nà omi kí ọkọ̀ ńlá tó ń kó irin wọn lè kọjá, wọ́n wá da iyanrìn tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn abúlé. Ẹja sá lọ, iyanrìn kù. Àwọn bàbá wa ń ṣépè, àwa ń gbá bọ́ọ̀lù. Ibi gbígbẹ kan ṣoṣo tá a ní nìyẹn. Orí òpó ni gbogbo ilé wa wà, orí afárá pákó la sì ń gbà láti ilé kan dé ìkejì.

Orí afárá yẹn ni mo ti fẹsẹ̀ rọ́, kì í ṣe orí pápá. Ká ní orí pápá ni, mi ò bá máa fi yangàn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ na àwọn ọmọ kan tó wá láti abúlé ìsàlẹ̀ omi tán, mo gbé bọ́ọ̀lù lérí, mò ń sáré lórí pákó, mò ń pariwo pé kí àwọn ọmọbìnrin jáde wá wo ọkọ wọn. Pákó kan wà níbẹ̀ tó ti jẹrà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó jẹrà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọnú ẹ̀ lọ, ara mi yí, ọrùn ẹsẹ̀ mi ní òun ò bá a yí. Mo gbọ́ kà!

Ṣé ẹ rò pé wọ́n sáré wá gbé mi? Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Obìnrin kan tó ń yan ẹja rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n bá òun yí ẹja òun, kó má baà jó.

"Ọkọ wa dà?"

"Ọkọ wa ti wọnú pákó!"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà ti wú bí ẹja tó kú sómi. Ìyá mi jù mí sínú ọkọ̀ bí ẹni ju àwọ̀n, ó wà mí lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó máa ń wọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fáwọn apẹja. Ìyá yẹn ò mọ àánú. Ó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ sí i, ó fi àdí pa á, ó wá ki àtàǹpàkò bọ ibi tó ń dùn mí jù. Mo ké.

"Ké dáadáa," ó ní. "Kí àwọn tó wà lójú òkun gbọ́ pé ọkùnrin wà nílé."

Nígbà tó ṣe é tán, ó nu ọwọ́ ẹ̀ sára ìró, ó ní: "Kò kán. Ó rọ́ ni. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi sáré títí wàá fi lè fi ẹsẹ̀ yìí nìkan dúró nínú ọkọ̀, kí ẹlòmíì sì máa mi ọkọ̀ náà."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo apẹja tó bá fẹsẹ̀ rọ́ nìyẹn kí wọ́n tó jẹ́ kó padà sójú òkun. Wọ́n ní ilẹ̀ máa ń purọ́ fún ẹsẹ̀, ọkọ̀ kì í purọ́ fún un. Bí ọkọ̀ bá ń mì, ọrùn ẹsẹ̀ ló ń wá ibi tó máa dúró sí. Bí kò bá tíì san, á sọ ẹ́ sómi.

"Ìyá àgbà, èmi ò lọ pẹja o. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ gbá."

"Òpònú. Ṣé iyanrìn yín yẹn máa ń dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ni?"

Bí wọ́n ṣe gbé mi délé tí mo jókòó nìyẹn, èmi tí mi ò lè jókòó. Àwọn ará Araromi ń bọ̀ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àjíǹde, àwa náà á sì lọ bá wọn lẹ́yìn ìyẹn. Nọ́ńbà tẹ́ẹ̀nì ló ń dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Kóòṣì wa, ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì fáwọn òṣìṣẹ́ epo, ti gbé jẹ́sì mi fún ẹlòmíì. Ọkùnrin yẹn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Òun ló ra jẹ́sì fún wa, ìyẹn ló sọ ọ́ di kóòṣì.

Ẹni tí wọ́n gbé e fún, ẹgbẹ́ mi ni. Àwa méjèèjì la jọ fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí tíṣà wọkọ̀ lọ, tí ò padà wá. Orí iyanrìn ló máa ń jókòó sí bí mo bá ń gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ní báyìí, jẹ́sì mi ló ń wọ̀ pẹja. Ó ń wọ̀ ọ́ jẹ pùpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa yẹn. Á wa ọkọ̀ ẹ̀ gba abẹ́ fèrèsé wa kọjá láàárọ̀, kò sì sóhun tó ń wá níbẹ̀.

"Akàn! Ṣé dáadáa lo jí?"

"Ta lo ń pè ní akàn?"

"Ìwọ tó ò ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn náà ni. Ó dáa, má bínú. Akàn tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ tó pọ̀."

"Jẹ́sì yẹn máa jó ẹ lára. Ó mọ olówó ẹ̀."

"Ó ti gbàgbé ẹ. Òórùn mi ló ń rùn báyìí."

Mo ju kòkò omi lù ú. Kò bà á. Ìyá mi gbá mi létí nítorí kòkò.

Nígbà tí Àjíǹde kù díẹ̀, mo ti ń tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Mo lọ bá kóòṣì nílé, mo ní mo ti san. Ó ní kí n lọ mú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wá. Ìyá àgbà sì ti lọ sí ìlú Oríòkè-Ìwàmímọ́ lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ tó bímọ, a ò mọ ìgbà tó ń bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo níbẹ̀. Kóòṣì ò fẹ́ ariwo, ọ̀pá ìpẹja ẹ̀ ló ń tún ṣe.

"Ó dáa," ó ní, "kí ẹnì kan mi ọkọ̀ fún un níbí, ká rí i."

Ẹgbẹ́ mi yìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú jẹ́sì lọ́rùn. Ó dìde wéré. "Ẹ jẹ́ kí n mì ín fún un. Bí ó bá ti san, màá bọ́ jẹ́sì ẹ̀ fún un. Ohun olóhun ni."

Ó yẹ kí n ti mọ̀ látibẹ̀. Ìgbà wo ni ológbò ń bá aláǹgbá wá oúnjẹ?

Ó wọ́ ọkọ̀ bàbá ẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kóòṣì. Àwọ̀n tútù kún inú ẹ̀, ó ní òun ò tíì rí àyè kó o jáde. Ọ̀sán ti ń lọ. Omi wa dúdú, ẹ mọ̀, ẹ ò lè rí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ó bọ́ sómi, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Omi ò ju ojúgun ẹ̀ lọ. Mo rí i. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i pé omi ò ju ojúgun ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n jẹ́sì ni mò ń wò.

Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró sídìí ọkọ̀. Ó mì ín. Ó fi gbogbo agbára mì ín, ó ń kérora, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀, omi ń ta sókè. Mi ò yẹsẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ àkẹ̀, mo ní kí kóòṣì wá wo ọkùnrin.

"Ó dúró," ni kóòṣì sọ, kò tiẹ̀ wò dáadáa. Ẹgbẹ́ mi bọ́ jẹ́sì, ó fún mi, ó tún kí mi kú oríire. Mo fi jẹ́sì yẹn sùn.

Ọjọ́ Àjíǹde pé. Àwọn ará Araromi kún ọkọ̀ wá, àwọn ìyá wọn ń fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń bú wa bọ̀ látọ̀ọ́kán. Iyanrìn gbóná. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo fi àyà gbà á, mo tan ẹni tó wà níwájú mi sí òsì, mo ní kí n yí sí ọ̀tún.

Ọrùn ẹsẹ̀ mi kò yí. Ó ya.

Mo fi ojú gbá iyanrìn. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ẹgbẹ́ mi ti ń bọ́ ẹ̀wù ẹ̀ létí pápá, kò tiẹ̀ dúró kí kóòṣì pè é. Ó wá bá mi níbi tí mo wà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fa jẹ́sì lọ́rùn mi bí ẹni bó ẹja. Àwọn èèyàn rò pé ó ń tù mí nínú.

"Ọmọ olómi," ó sọ ọ́ sí mi létí. "O dúró lórí ọkọ̀ tó jókòó sórí ẹrẹ̀. O ò mọ̀ pé omi ti fà? Ojú gbogbo èèyàn ni mo fẹ́ kó o ti ṣubú."

Ó wọ̀ ọ́, ó sáré lọ. Òun ló gbá gòólù wọlé fún wa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé e sọ́rùn. Èmi, wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí gbé mi délé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti tàn káàkiri. Àwọn tó wà lórí afárá ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá omi ti kún tàbí ó ti fà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀, kí èmi tí mo gbọ́n bá àwọn wò ó. Ìyá mi ló wá burú jù. Kò lù mí. Ó ń to ẹja sórí iná, kò wojú mi.

"Inú ọkọ̀ ni mo bí ẹ sí," ó ní. "Kí wọ́n tó gbé mi dé ilé ìwòsàn, o ti jáde. Mi ò mọ̀ pé ará òkè tí ò mọ omi ni mo bí."

Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé ó sàn kó lù mí.

Ìyá àgbà dé, ó tún wọ́ ẹsẹ̀ náà, lọ́tẹ̀ yìí ó fi orúnkún tẹ̀ mí láyà. Lẹ́yìn tí wíwú náà lọ, mi ò gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń gbé ọkọ̀ lọ sí àárín, níbi tí ọ̀pá gígùn jù ò ti lè kan ilẹ̀, nígbà tí omi bá kún dẹ́nu. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró. Bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì àwọn elépo bá kọjá, ìjì omi wọn á gbé mi, màá bọ́ sódò. Màá tún gun ọkọ̀. Àwọn ọmọdé ń jókòó lórí afárá wòran. Bí mo bá ṣubú, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, mi ò ṣubú mọ́, wọ́n bínú, wọ́n lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a fẹ́ lọ sí Araromi, gbogbo wọn ti wà nínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì létí omi. Ẹgbẹ́ mi jókòó síwájú pẹ̀lú jẹ́sì. Mo mú ọkọ̀ ìyá mi wá, mo dínà fún wọn.

"Sọ̀kalẹ̀ wá," mo ní. "Omi ti kún. Ẹ fi ọ̀pá wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹrẹ̀ ni. Ìwọ níwájú ọkọ̀, èmi nídìí ẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kù ló ni tẹ́ẹ̀nì."

"Kóòṣì, ẹ wo akàn yìí o."

Kóòṣì wo aago ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí afárá ti gbọ́. Obìnrin tó ń yan ẹja lọ́jọ́ kìíní sì ké sí i: "Ṣé ẹ̀rù omi ń bà ẹ́ ni?" Kò sí ọmọ Ìlàjẹ tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa jókòó.

Ó wọ ọkọ̀ mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ló dá ṣáṣá, ìyẹn ló gbójú lé. Mi ò dúró kí kóòṣì kà. Mo fi ọrùn ẹsẹ̀ mi yí ìdí ọkọ̀ bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, díẹ̀ sí òsì, mo wá gbé e wá sí ọ̀tún lójijì. Ó na ọwọ́, kò rí nǹkan dìmú. Ó fi ẹ̀yìn lọ sómi tòun ti jẹ́sì.

Ẹ ò bá gbọ́ ariwo lórí afárá.

Ó wẹ̀ wá, ó fẹ́ di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Mo fi àjẹ̀ ti ọwọ́ ẹ̀ kúrò.

"Bọ́ ọ síbẹ̀," mo ní.

"Jẹ́ kí n gòkè ná."

"Bọ́ ọ sínú omi."

Ó ń fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, ó ń fi ọwọ́ bọ́ jẹ́sì, omi ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìyá ẹ̀ ń wò ó látojú fèrèsé. Ó bọ́ ọ. Ó jù ú bà mí lójú. Mi ò fún omi inú ẹ̀ dànù, bó ṣe rí ni mo gbé e wọ̀. Mo fò sínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì, mo jókòó síbi tó jókòó sí, kóòṣì fa ẹ́ńjìnnì, a fi í sílẹ̀ sínú omi.

"Ẹsẹ̀ yẹn ò dùn ẹ́ mọ́?" ni kóòṣì bi mí nígbà tá a ti rìn jìnnà.

"Ẹsẹ̀ wo?" mo ní.

Gbogbo ọ̀nà Araromi ló fi ń ta mí. Mo na ẹsẹ̀ náà sábẹ́ pákó ìjókòó, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i, omi jẹ́sì ń kán sí i lórí.