Òkú Ni Wọ́n Ń Kí Kú Iṣẹ́

Ìyá Télọ̀ kú lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ní ilé ìtọ́jú àwọn tí dókítà ti sọ pé àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi dé, àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń kí i pé, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"A rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ni," nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi. N kò bú u. Òun nìkan ló ń tọ́jú ogún aláìsàn.

Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Télọ̀ fi yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó ti ẹni tó ń kú lọ, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó jókòó ti bàbá mi náà, ó ní ẹni tó rán ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀ yẹ lẹ́ni à ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ló kú.

Mo bi Ìyá Télọ̀ lẹ́yìn náà pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò fi sinmi?"

"Ọṣẹ ni mo lọ rà tí ọkọ mi fi kú lóun nìkan ní ọsibítù. Ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ kì í purọ́ fúnni, ọmọ mi. Ibo ni mo tún ti máa gbọ́ òtítọ́?"

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú òun náà, ó kọ̀wé tọrọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá àgbà ilé ìtọ́jú náà sọ pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé òṣìṣẹ́, kò sí nínú ìwé aláìsàn. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n o! Ẹni tó mọ gbogbo bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ bí ẹní mowó ni wọn kò mọ̀. Ó padà sórí àga, torí àga nìkan ni wọ́n fún un láyè láti lò. Ta ló wá di ọwọ́ tirẹ̀ mú? Aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni. Ìyẹn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò lè ké pe ẹnikẹ́ni.

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá àgbà pè é ní áńgẹ́lì. Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. N kò tíì sunkún. Ojú mi gbẹ, ọkàn mi náà gbẹ.

Ọ̀gá àgbà, ẹ mú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní gbangba, kí ẹ sọ ẹni tó kọ "rárá" sí wọn lára. Obìnrin méje ṣì ń yọ̀ǹda ara wọn lọ́dọ̀ yín. Ọ̀kan nínú wọn ti ń rù, ó sì ti kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ wo lẹ máa dá a lóhùn?