Ìtẹríba Tí Mi Ò Dá Padà

Nígbà tí ọmọ kẹrin nínú àwọn ọmọ ilé wa dìde nídìí fíìmù tí à ń wò, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì pòṣé. "Which kain war film be dis? Dem no dey shoot," ló wí, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ. Ó wá ku èmi àti Baba tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Orí ẹní ni mo wà. Baba jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, òórùn kẹrosíìnì sì ń jáde lára rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Lóde, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó wù mí kí n bá wọn lọ, àmọ́ bàbá mi ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fi àgbàlagbà nìkan sílẹ̀ nínú pálọ̀ wa.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ilé oníyàrá púpọ̀ kan ní Upper Sakponba, nílùú Bìní, ni à ń gbé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ìyá mi jẹ́ tíṣà. Baba, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ń tún sítóòfù àti àtùpà ṣe lábẹ́ páànù kan níwájú ilé. Kí ojú mi tó là tán láàárọ̀, màá ti gbọ́ òòlù rẹ̀ kékeré: ko, ko, ko. Á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń fi àlùmọ́gàjí gé òwú ní dọ́gbadọ́gba, á fẹnu fẹ́ ihò sítóòfù, á tan án, á sì máa wò ó títí iná yóò fi yọ búlúù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Èkó, kì í sì í sábà wá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé àwọn tó gbé sítóòfù wá nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sítóòfù náà ni wọ́n sì ń bá a sọ.

Àwọn ọmọ Ẹ̀dó inú ilé wa ní ìkíni àárọ̀ ti ìdílé wọn, wọ́n á kúnlẹ̀ kí bàbá wọn nínú yàrá kí wọ́n tó jáde. Èmi ọmọ Yorùbá ni mi ò ní ti ibì kankan. Mo gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àmọ́ Pidgin ni mo fi ń dáhùn. Bí mo bá ń kọjá lọ síléèwé, "Good morning, sir" ni, lórí ìnàró, tèmi ti àpò ìwé.

Ìyá mi á ní, "Kúnlẹ̀ kí Baba. Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé."

Baba á ní, "Fi í sílẹ̀, ìyàwó wa. Kó má baà pẹ́ dé iléèwé." Síbẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára mi títí màá fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo máa ń rò pé bàtà mi ló ń wò.

Bàbá mi ló yá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sapele Road. Sójà ló wà lára páálí rẹ̀, a sì gbà pé ìbọn á máa dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ogun kan ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Òyìnbó ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ará Jàpáànù ni àwọn tó ń ṣọ́ wọn, ìwà ẹnì kìíní ò sì yé ẹnì kejì. Ohun tí àwọn kan pè ní ọ̀wọ̀, ẹ̀tẹ́ ni lójú àwọn yòókù. Wọ́n ní kí òyìnbó kan tẹrí ba fún ọ̀gá ẹ̀ṣọ́. Ó kọ̀. Wọ́n lù ú ṣubú, ó dìde, ó tún nàró ṣanṣan.

Baba bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Mo wo ojú rẹ̀, omi ti kún un.

"Ìjìyà tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo tẹrí ba níbi tí wọn ò ti ní kí n tẹ̀ ẹ́."

"Which time, sir?" ni mo bi í.

Ó sọ fún mi pé sójà ogun Bọ́má, tí àwọn òyìnbó fi bá Jàpáànù jà, ni òun nígbà èwe, àti pé nígbà tí ogun parí, wọ́n fi òun ṣọ́ àwọn ará Jàpáànù tí wọ́n mú. Òfin ni pé kí ẹlẹ́wọ̀n máa tẹrí ba fún ẹ̀ṣọ́.

"Àgbàlagbà kan wà nínú wọn," ni Baba wí. "Orí rẹ̀ ti funfun bíi ti bàbá tó bí mi. Láràárọ̀ ló ń tẹrí ba fún mi, èmi ọmọ ogún ọdún. Màá gbójú síbòmíràn. Nígbà tó yá, mi ò rí oorun sùn mọ́. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe tẹ̀ báyìí, mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ìbọn kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀."

"For prisoner?"

"Fún àgbà. Ẹ̀rù ba òun náà, ó wólẹ̀. Ọ̀gá wa òyìnbó rò pé wọ́n ti yìnbọn lu àwa méjèèjì." Ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n já okùn ipò sójà kúrò lápá mi lójú gbogbo sójà, wọ́n ní kí n lọ máa fọ ìkòkò. Àwọn ọmọ ìlú wa tá a jọ lọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi wọkọ̀ ojú omi bọ̀ wálé. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí."

"You regret am, sir?"

"Rárá. Ìkíni tí èèyàn ò bá dáhùn kì í lọ. Ibẹ̀ ló máa dúró sí, tí á máa retí ẹni."

Mo pinnu lálẹ́ ọjọ́ náà pé màá kúnlẹ̀ fún un. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, Baba rí mi, ó sì gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀. Kò gbé e kalẹ̀ fún mi rí. Àmọ́ àwọn ọmọ ilé ti tò sídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú korobá. Bí mo bá kúnlẹ̀, "Ngbati," orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ Yorùbá, ni wọn ó máa pè mí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Orúnkún mi ti fẹ́ tẹ̀.

"Good morning, sir."

"Káàárọ̀, ìyá mi," ló wí, ó sì mú òòlù rẹ̀. Mo ní ọ̀la ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀la dé, mo tún sọ bẹ́ẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọmọ rẹ̀ fi gbé ọkọ̀ wá láti Èkó. Ó ní ojú Baba ti ń ṣe bàìbàì, òun ò lè jẹ́ kó máa dá gbé mọ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní ó dìgbóṣe. Èmi wà láàrin àwọn ọmọ ilé. Mo mọ̀ pé kò tún ní sí ọ̀la mìíràn. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, "Bye-bye, sir."

Baba ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Ó gbé e jáde. Ó nàró, ó lẹ ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó sì tẹrí ba fún mi, díẹ̀díẹ̀, bíi ti àwọn inú fíìmù yẹn. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo ń retí òòlù. Òwú tó gé kù ṣì so mọ́ ìṣó lábẹ́ páànù. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n mú ìròyìn wá pé Baba ti kú.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì máa ń kúnlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti kúnlẹ̀ fún bàbá oníkẹrosíìnì létí títì, ẹnu ya òun gan-an. Ọkọ mi ní àṣejù ni. Mi ò bá a jiyàn. Gbogbo àwọn tí mò ń kí ló ń dáhùn, tí wọ́n ń súre fún mi, ṣùgbọ́n kò sí ìkíni kan tó dé ọ̀dọ̀ Baba. Ìtẹríba tirẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn, ó ń retí mi.