Orí Kan, Ojú Àwo Kan

Lọ́jọ́ Sátidé tí àdúgbò wa ò ní gbàgbé láé, Bàbá Láyé-Àtijọ́ onígbàjámọ̀ gẹ irun ọkọ ìyàwó kan ní ìdajì, ó sì kọ ìdajì yòókù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti mọ́, ó ń dán. Ẹ̀gbẹ́ òsì ṣì kún bí igbó. Ibẹ̀ ni wọ́n dé tí fóònù ọmọkùnrin náà fi dún nínú àpò rẹ̀, tí orin ìgbàlódé kan bẹ́ jáde. Bàbá pa kílípà. Ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

"Kí ni olórin yẹn ń sọ?"

Ọkọ ìyàwó ní òun ò mọ̀, ó kàn ń dùn létí òun ni. Bàbá ní kò burú, kó fara balẹ̀, kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó wá sọ gbólóhùn kan péré tó ní ìtumọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, òógùn bo imú rẹ̀. Ó ní àfi bí "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" bá jẹ́ gbólóhùn. Bàbá ní láyé àtijọ́, olórin kì í dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ìyàwó Bàbá, tó ń ránṣọ ní yàrá tó fara ti ṣọ́ọ̀bù náà, gbọ́ tí kílípà dákẹ́, ó sáré wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní àwọn àna ọmọ ọlọ́mọ ti jókòó sínú ìjọ, kó jọ̀wọ́, kó ro ti Ọlọ́run. Bàbá ní ti Ọlọ́run gan-an lòun ń rò, Ọlọ́run tó fún ènìyàn ní etí méjì tí wọ́n wá sọ ọ́ di ààtàn. Ọkọ ìyàwó náà sì ní agídí tirẹ̀. Ó dìde, ó gbọn aṣọ funfun kúrò lọ́rùn, ó gba ilé ìjọsìn lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n so wọ́n pọ̀, ayọ̀ sì ni, àmọ́ nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló kọjú sí wa. Ìyàwó rẹ̀ ní bí ẹnì kan bá ní ọkọ òun ò ní etí òsì, òun ò ní ẹ̀rí tí òun fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Bàbá kì í ṣe ìkà. Orin ló ń dà á láàmú. Ohun tó kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni "Orí kan, ojú àwo kan", bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Gírámafóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, àwọn àwo dúdú ńláńlá wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí orin kan ṣoṣo máa ń gba odindi ojú àwo kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kan àwo, kílípà á kan ìpàkọ́. Nígbà tí olórin bá ń ki àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá á ti dé òkè etí. Bí gìtá bá wá ń dá sọ̀rọ̀, tí ohùn ènìyàn dákẹ́, ìgbà yẹn ló máa ń fi abẹ fá iwájú orí, nítorí ó ní iṣẹ́ abẹ ò fẹ́ ariwo. Bí àwo bá tán, orí tán.

Bíríkìlà kan wà ní àdúgbò wa tí Ẹlẹ́dàá fi orí ńlá ta lọ́rẹ. Lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó mà ku ẹ̀yìn etí."

Bàbá ti ń ká aṣọ. "Orin ti tán."

"Irun ni ò tíì tán, sà."

"Ìyẹn, ìwọ àti Ẹni tó dá ọ ni," ni Bàbá wí. "Olórin ti ṣe tirẹ̀."

Ti olùkọ́ ilé-ìwé ló tún burú. Àwo tí Bàbá fẹ́ràn jù lọ ní àpá kan lára. Bí abẹ́rẹ́ bá débẹ̀, á há, á máa pe ọ̀rọ̀ kan náà lápètúnpè, àfi kí ìyàwó Bàbá wá láti yàrá kejì kó fi ìka tì í síwájú. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ìyá ti lọ ra òwú. Àwo há nígbà tí Bàbá wà ní ìpàkọ́ olùkọ́, olùkọ́ sì ti sùn lọ lórí àga. Ìgbà tó jí, ọwọ́ rẹ̀ kan ibì kan lẹ́yìn orí tó ń yọ̀, tó rí rogodo bí ìdérí ìgò.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Àwo ló há."

"Àwo há, ó dáa. Ọwọ́ yín ńkọ́?"

Bàbá wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tí kò kàwé. "Bí olórin ò bá kúrò lójú kan, ta ni mo jẹ́ tí n ó kúrò?"

Olùkọ́ dé fìlà lọ síbi iṣẹ́ títí irun fi hù. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún padà wá, nítorí kò sẹ́ni tó lè gẹrun bíi Bàbá bí àwo ò bá ti há. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé àwo mìíràn ni kó jọ̀wọ́ fi sí i.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè bá a fa ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń fà á, nítorí òun lọ̀rọ̀ náà ń bá wọ yàrá. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá ti bú orin ayé ìsinsìnyí láti àárọ̀, tó ní orin tó ń tán kí omi tó hó kì í ṣe orin, ìyá dá màṣíìnì dúró, ó yọjú.

"Bàbá, ṣebí ẹ rántí pé bàbá tó bí yín lọ́mọ ló sọ rédíò yín sí kànga? Nítorí orin tí ẹ̀ ń pè ní ògidì lónìí yìí ni."

"Bàbá mi ò mọ orin."

"Ohun tí àwọn ọmọ yín ń sọ nípa tiyín náà nìyẹn."

Bàbá mú òòyà, ó fẹ́ irun ara òòyà náà dànù, ó ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ó ní, "Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá tèmi ṣe àṣìṣe."

Ìyá padà sídìí màṣíìnì, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ejò mọ́lẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye aṣọ oníbàárà tó fún jù nítorí ọ̀rọ̀ orin.

Nínú ìjọ pàápàá, kò jẹ́ ká rímú mí. Ọ̀gá akọrin mú orin ìsìn àtijọ́ kan, ó fi ìlù tuntun sí i, ó mú un yára. Bàbá ò yára. Ó ń kọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gun òkè. Gbogbo ìjọ kọrin tán, a jókòó. Bàbá wà lórí ìdúró, ó dijú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹsẹ kejì ni. Ìyàwó rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ títí, ó sú u. Akọ̀wé ìjọ bẹ̀rẹ̀ ìkéde, ó ní ìpàdé àwọn ìyá wà lọ́jọ́bọ̀, ó ní ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti yọ. Bàbá sì ń fi ẹsẹ kẹta gbè é lẹ́yìn.

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá akọrin ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ máa bá wa rìn pọ̀."

"Ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wa, sà."

"Ẹ dúró dè mí nígbà náà."

A rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run foríjì wá. Àmọ́ nígbà tí a délé, ẹsẹ kẹta yẹn nìkan ló kù lọ́kàn wa, nítorí òun nìkan la gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ibi tí ẹ̀rín ti fẹ́ di nǹkan mìíràn ni ti àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá ni ọmọ náà fi orin jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ ọ́ sí Bàbá létí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe jẹun. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, orin ló ń fi èyí tó wà ní yàrá rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó pe Bàbá wá gbọ́ ọ lójú gbogbo wa. Bàbá gbọ́ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló ń lu ìlù yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá."

"Ta ló ń ta gìtá?"

"Kọ̀ǹpútà náà ni."

"Ta wá ló ń kọrin?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí o ò kúkú jẹ́ kó bá ọ kọ ọ́?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó pa ẹ̀rọ náà, kò sì tún ṣí i mọ́ lójú Bàbá. Nígbà tó ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ki fóònù rẹ̀ bọ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó sì jókòó, ó ń wo Bàbá bó ṣe ń gẹrun bíríkìlà láì fi àwo kankan sí i, torí pé Bàbá ní òun ń bínú. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọmọ náà ní nǹkan kan ṣoṣo lòun ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kó gbọ́ orin òun kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Mú èyí tó tó gẹ orí kan wá," ni Bàbá wí. "Èyí tó ń tán kí n tó dé etí, mi ò ráyè rẹ̀."

Ọmọ náà yọ fóònù, ó ní ó dìgbà, ó lọ.

Láti ìgbà náà, ìyá nìkan ni ọmọ náà ń pè. Á bi ìyá bóyá Bàbá ń jẹun. Bàbá, tó ti fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á ní kí wọ́n bi ọmọ náà bóyá ó ń jẹun. Ìyá ní òun ti bí ọmọ fún un, òun ti dáná fún un, òun ò wá mọ̀ pé òun tún máa di wáyà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ń ṣe é bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n àyà Bàbá ti ń dùn ún nígbà náà, dókítà ti ní kó dín iṣẹ́ kù, ìyá sì ń gbàdúrà lórí ìkúnlẹ̀ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí orin ya bàbá àti ọmọ títí ilẹ̀ fi máa mu ọ̀kan.

Ọjọ́ tí orin tuntun tí ọmọ náà ṣe dé sórí fóònù ìyá, ìyá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró títí bíríkìlà fi jókòó, tí Bàbá fi àwo sí i. Ló bá gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, ohun tí ẹnikẹ́ni ò dán wò rí, ó sì gbé fóònù síwájú dígí.

Orin náà ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Ìró sísọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jáde, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́. Kílípà wá ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bí oyin. Bàbá wo sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì fi gé nǹkan kan.

"Sísọ́ọ̀sì ta nìyẹn?"

"Tiyín ni," ni ìyá wí. "Ọjọ́ tó ń lọ. Ẹ rò pé iná lásán ni fóònù yẹn ń gbà."

Bàbá tẹ́tí. "Ó yára jù. Mi ò kì í gẹrun báyìí."

Ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Ọmọ náà ń kọrin nípa ilé tí irun ti ń bọ́ sílẹ̀ bí òjò dúdú, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló já geere. Nígbà tí gìtá dá sọ̀rọ̀, gìtá gidi ni, à ń gbọ́ bí ìka ṣe ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Bàbá mú abẹ. Orin náà gùn, kò fẹ́ tán. Ìgbà tó tán, Bàbá tú aṣọ, bíríkìlà sì fọwọ́ kan orí rẹ̀ yíká.

"Bàbá," ló wí, ẹnu yà á, "ẹ̀yìn etí tán lónìí."

Ìyá bi í pé báwo ni orin ọmọ náà. Bàbá ń nu abẹ, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní ibì kan bàjẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọ, òun kàn ò mọ ibi tó wà gan-an, kí wọ́n tún un fi sí i. Bó ṣe di pé gbogbo orí àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí fi orin yẹn gẹrun nìyẹn. Bó bá dé ibì kan, á dá ọwọ́ dúró, á ní òun ti sún mọ́ ọn báyìí. Ìyá ò rí fóònù rẹ̀ lò mọ́. Ó ní kó pe ọmọ náà, kó sọ nǹkan kan fún un, kí òun lè gba fóònù òun. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ibi tó ti bàjẹ́ ná, kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà.

Kò tíì pè é tí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kan tí kò jí.

Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, tí gbogbo wa kún inú ṣọ́ọ̀bù àti yàrá ìránṣọ, ọmọ náà fi àwo tí Bàbá fẹ́ràn jù sí i. Ó kọ dáadáa títí ó fi dé ojú àpá. Ó há. Olùkọ́ ló sún mọ́ ọn jù. Ó nawọ́ sí abẹ́rẹ́, ó dúró, ó fi ọwọ́ kejì kan ẹ̀yìn orí rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ padà.

"Bí olórin ò bá kúrò lójú kan," ló wí, "ta ni mo jẹ́?"

Ẹ̀rín pa wá. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga Bàbá mú. Ìgbà tí ẹ̀rín ń rọlẹ̀, ọmọ rẹ̀ wá dúró tì í, ó rọra bi í.

"Màámi, ṣé ó sọ pé ó dára?"

Obìnrin náà kì í purọ́, kò sì ní fi ọjọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. "Rárá. Ó ní ibì kan bàjẹ́ níbẹ̀."

"Ibo ni?"

"Ó ń wá a ni. Ojoojúmọ́ ló ń wá a. Títí dé orí tó gẹ̀ kẹ́yìn, kò rí i."

Ọmọ náà jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bojú. Àwo ṣì há sójú kan, ó ń pe ọ̀rọ̀ kan náà lápètúnpè, kò sì sí ẹni tó dìde nínú wa láti tì í síwájú.