Àṣàbí Erin

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kí Ìyá Rodiat, oníléèsì ní Ganhi, pé "Àṣàbí Erin", torí pé erin ni orílẹ̀ bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, kò fojú kan erin rí. Nígbà tó ní òun ń lọ wò ó nínú igbó ẹranko Pendjari, Rodiat fárígá.

"Màámi, ẹ wò ó nínú fóònù!"

"Ṣé inú fóònù ni wọ́n bí mi sí ni?"

Ó lọ. Rodiat fìbínú tẹ̀ lé e. Bí erin ràgàjì kan ṣe yọ sí ọkọ̀ wọn, Rodiat wólẹ̀ sẹ́yìn ìjókòó.

"Màámi, ẹ forí pamọ́!"

"Forí tìẹ pamọ́! Ta ló ń sá fún ará ilé bàbá rẹ̀?"

Àṣàbí kọjú sí fèrèsé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kúulé o!"